Ọmọ Ọba Méjì Nínú Ilé Kan ní Grayson

Bí o bá jẹ́ ọmọ ọba, tí o sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, pa ẹnu rẹ mọ́ ní Amẹ́ríkà. Àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti fi oyè náà jẹun tipẹ́tipẹ́ kí èmi tó dé. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí òyìnbó tí kò tíì gba ìméèlì rí láti ọwọ́ ọmọ ọba kan tí ó ní òun ní wúrà tí òun fẹ́ kó pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọba ilẹ̀ Sikọ́tílándì ni baba ńlá rẹ, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Wọn yóò ya ọba náà sínú gíláàsì, wọn yóò gbé e kọ́ ògiri pálọ̀, wọn yóò sì máa pe àlejò wá wò ó kí wọ́n tó fún un ní omi mu.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé Pápá ní Grayson ni mo kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Linda, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ni ó ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú baba náà, nítorí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un ní apá òsì. Kí ó tó mú mi lọ sọ́dọ̀ aláìsàn, iwájú ògiri ni ó kọ́kọ́ mú mi lọ. Wọ́n ya igi ńlá kan síbẹ̀, orúkọ ènìyàn ni ó wà lórí gbogbo ẹ̀ka rẹ̀, ọkùnrin kan tí ó dé adé sì jókòó sí ìdí igi náà. Linda ní Ọba Alẹkisáńdà nìyẹn, tí ó jọba Sikọ́tílándì láyé àtijọ́, àti pé láti ara rẹ̀ ni àwọn ti ṣẹ̀ wá. Ẹnu mi kò ní ìlẹ̀kùn nígbà náà. Mo ní bàbá tèmi náà ọba ni, ó wà lórí ìtẹ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí.

Linda rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí a ń rín sí ọmọdé tí ó ní òun rí kìnnìún ní ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn náà ni ó na ọwọ́, ó gbé báàgì rẹ̀ tí ó wà lórí tábìlì, ó fi kọ́ èjìká. Ó gbà mí síṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, báàgì Linda kò sùn ní pálọ̀ mọ́.

Kí n má parọ́, ìlú wa kò tóbi. Apá Èkìtì ni ó wà, láàárín òkè méjì, àwọn awakọ̀ kò sì fẹ́ràn ọ̀nà rẹ̀. Ààfin bàbá mi ń jò ní igun kan, bí òjò bá sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ìjòyè ń ṣèpàdé, wọn a sún àga wọn. Síbẹ̀ ọba ni ọba ń jẹ́. Èmi obìnrin yìí ni àkọ́bí rẹ̀, àwọn ìyàwó ilé sì ti ń kúnlẹ̀ kí mi láti ìgbà tí n kò tíì lè fọ aṣọ ara mi. Ẹ wá wo ìyà tí ó jẹ mí nígbà tí mo dé ilé ìkẹ́rù kan ní Norcross, tí ọmọkùnrin kan tí àbúrò mi tó bí fi ìka pè mí pé kí n wá gbé páálí.

Mo kẹ́gàn rẹ̀. Mo kẹ́gàn páálí náà. Mo kẹ́gàn otútù inú ilé ìkẹ́rù náà, àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń jẹun lójú ara wọn láìsọ pé ẹ wá jẹun. Ní ìlú wa, bí o bá kọjá lára ènìyàn láìkí wọn, kí o tó délé ìyá rẹ yóò ti gbọ́. Ní ilé tí mo gbà sí Norcross, ògiri kan ṣoṣo ni ó wà láàárín èmi àti aládùúgbò mi. Mo ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀, mo mọ irú orin tí ó fẹ́ràn, ṣùgbọ́n n kò mọ orúkọ rẹ̀ títí ó fi kó lọ. Ó tó ìgbà tí mo rí i pé mo ti ń dá àwọn tí ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n lóhùn bí wọ́n bá ní ẹ káàárọ̀. Ẹ̀gàn kì í san owó ilé, nítorí náà mo ń lọ síbi iṣẹ́ títí obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fi sọ fún mi pé ìtọ́jú arúgbó sàn ju páálí lọ.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí èmi àti Linda jọ fà ni orúkọ. Ó ní kí n máa pe bàbá òun ní Bob. Ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kí èmi máa pè é ní Bob bí ẹni ń pe ajá! Mo ní n kò lè ṣe é. Pápá ni mo sọ ọ́, Pápá sì ni ó ń jẹ́. Kí àìsàn tó dé, mọ́tò ni ó ń tà ní Buford, ó sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ bíi ti gbogbo àwọn tí ń ta mọ́tò. Àìsàn wọ́ ẹnu rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọdọọdún àwọn tí wọ́n ní Sikọ́tílándì ni àwọn ti wá a máa péjọ sí pápá kan. Linda a wọ síkẹ́ẹ̀tì onílà pupa fún bàbá rẹ̀, ọkùnrin àgbàlagbà, a sì gbé e lọ. Mo ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n ń ju ìtì igi, wọ́n ń fi ìyẹn ṣeré. Ẹni tí kò bá mọ ìdílé rẹ̀, yóò kàn lọ sídìí tábìlì kan, yóò dárúkọ bàbá rẹ̀, wọn yóò sì bá a wá ìdílé kan àti aṣọ tí ó bá a mu. Mo dúró lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mo ń rẹ́rìn-ín sínú. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí o bá dé tí o ní ọmọ ọba ni ọ́, àwọn arúgbó obìnrin ni yóò kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ, wọn yóò wo imú rẹ, wọn yóò bi ọ́ ní orúkọ ìyá tí ó bí bàbá rẹ, kí wọ́n tó fún ọ ní àga.

Kì í ṣe pé n kò rí ayọ̀ kankan. Ọjọ́ tí mo gba ìwé ìwakọ̀, tí mo sì wa mọ́tò tí mo rà láti Norcross dé Grayson láìsí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo pe bàbá mi. Nílé, awakọ̀ ni ó ń gbé mi. Mo ní, "Kábíyèsí, mo ti ń wa mọ́tò fúnra mi o." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Wọ́n ní, "Ta ló wá jókòó ní owner's corner?" Mo ní kò séèyàn níbẹ̀. Wọ́n ní kí n má ṣe jẹ́ kí àyè náà ṣófo pẹ́, kí n fi báàgì mi síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ni mo ń gbé báàgì mi sí.

Pápá kì í fẹ́ jẹun. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè mú un la ẹnu ni ìtàn ọba rẹ̀, nítorí náà a jọ ṣe àdéhùn. Bí ó bá sọ díẹ̀, yóò jẹ ṣíbí kan. Bí ó bá jẹ ṣíbí kan, èmi yóò tún gbọ́ díẹ̀. Báyìí ni mo ṣe gbọ́ ìgbésí ayé Ọba Alẹkisáńdà láàárín ọ́ọ̀tì àti ápù lílọ̀.

Ọmọ ọdún méje ni ọba náà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú tí wọ́n gbé adé lé e lórí. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n fẹ́ ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì fún un. Mo bi Pápá pé ta ni ó ń bá tọkọtaya náà nu imú, ó sì rẹ́rìn-ín títí ọ́ọ̀tì fi dà sí àyà rẹ̀. Wọ́n dàgbà, wọ́n bí ọmọ mẹ́ta, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan. Ìyàwó kú. Èyí àbúrò nínú àwọn ọmọkùnrin náà kú. Wọ́n ti fi ọmọbìnrin fún ọba ilẹ̀ Nọ́wè, òun náà kú nígbà tí ó bí ọmọbìnrin jòjòló kan. Láìpẹ́, èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọkùnrin náà tẹ̀lé wọn. Ọmọ mẹ́ta péré, fún odidi ọba! A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, n kò ní ka ti bàbá mi, ṣùgbọ́n bí àrùn bá wọ ààfin wa ní ìgbà mẹ́wàá, ẹni tí yóò jẹ́ orúkọ bàbá mi yóò ṣẹ́kù. Àti pé ìdílé mẹ́ta ni ó ń jọba ní ìlú wa, bí ọ̀kan bá gbà á tán, òmíràn yóò gbà á. Mo sọ èyí fún Pápá. Ó ní ọ̀nà tiwa dára, ó sì la ẹnu fún ṣíbí.

Nígbà tí kò sí ọmọ mọ́, ọba náà pe gbogbo àwọn ìjòyè rẹ̀, ó ní kí wọ́n búra pé ọmọ jòjòló tí ó wà ní Nọ́wè ni yóò jọba lẹ́yìn òun. Wọ́n búra. Lẹ́yìn náà ni ó lọ fẹ́ ọmọge kan láti ilẹ̀ Faransé. Ní alẹ́ kan tí ìjì ń jà, ó ti bá àwọn ìjòyè jẹ, ó ti bá wọn mu, ó dìde, ó ní ọ̀dọ̀ ìyàwó tuntun ni òun ń lọ. Àwọn ìjòyè ní kí ó dúró. Ẹni tí ń tukọ̀ sọdá odò ní kí ó padà sílé. Ó kọ̀. Ó sọdá, ó gun ẹṣin nínú òkùnkùn, ó sọnù mọ́ àwọn tí ń tẹ̀lé e lọ́wọ́, ilẹ̀ sì mọ́ kí wọ́n tó rí i ní etí òkun pẹ̀lú ọrùn tí ó ti ṣẹ́.

Mo pòṣé. Ní ọ̀dọ̀ tiwa ọba kì í sáré lọ bá ìyàwó. Ó jókòó, a sì pe olorì wá. Pápá ní kò tíì tán. Ó ní obìnrin náà sọ pé òun lóyún, gbogbo àwọn ìjòyè Sikọ́tílándì sì jókòó, wọ́n ń wo ikùn rẹ̀ bóyá ọba yóò jáde níbẹ̀. Oyún náà kò di ọmọ. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ibi tí Pápá máa ń sùn lọ nìyí, n kò sì bèèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Nọ́wè rí. Kí ni ó kàn mí?

Ọjọ́ Àìkú ni màmá mi máa ń pè mí, lẹ́yìn ìsìn. Òun ni ìyálé láàfin, ọ̀rọ̀ Adébísí ni ó sì máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Adébísí ni àbúrò mi obìnrin, ọmọ bàbá kan ni wá, ìyàwó kẹta ni ìyá rẹ̀. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú wa. Màmá mi á ní Adébísí tún ti gbé oúnjẹ lọ fún Kábíyèsí, Adébísí ni ó ń fọ ẹsẹ̀ wọn tí ó wú, Adébísí ń ṣe bí ẹni pé òun nìkan ni wọ́n bí. Èmi náà á ní kí ó máa gbé oúnjẹ, ṣé ó ní ohun mìíràn tí yóò gbé ni? Ẹni tí kò rí ilẹ̀ mìíràn rí ju Adó àti Àkúrẹ́. Adébísí a máa fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, ó gùn, ó ń sọ pé Bàbá kò sùn, pé Bàbá ń bèèrè mi. Mo máa ń gbọ́ ọ dé ìdajì. Mo ní ohun kan ni ó ń wá.

Nígbà tí bàbá mi wàjà, ápù ni mo ń gé ní ilé ìdáná Linda. Bàbá Ọ̀tún, ìjòyè tí ó tẹ̀lé ọba ní ìlú wa, ni ó pè. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èèpo ápù. Linda dé, ó gbá mi mọ́ra, ó bèèrè ọjọ́ orí wọn, nígbà tí mo sì sọ ọ́, ó mi orí bí ẹni pé ọjọ́ orí náà ti tó. Ó ní kí n máa lọ sinmi. Níbo? Mo wa mọ́tò dé ibi ìtajà ńlá tí ó wà ní Buford, mo jókòó sínú mọ́tò níbi ìgbọ́kọ̀sí. Nílé, ọjà á ti tú, wọ́n á ti fá irun, ìbọn á ti dún láti òkè kan dé èkejì. Níbí, àwọn ènìyàn ń gbé bàtà tuntun jáde nínú báàgì. Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tí ó mọ̀ pé ọba ti kú. Mo sunkún, mo kẹ́gàn bàtà wọn, mo sì tún sunkún.

Àṣà kan wà ní ìlú wa. Bí ọba bá wàjà, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ni yóò jókòó sórí àga rẹ̀ títí wọn yóò fi yan ọba mìíràn. Adelé ni a ń pè é. Aṣọ ọkùnrin ni yóò wọ̀, yóò dé fìlà ìlẹ̀kẹ̀, gbogbo ìlú yóò máa kí i ní Kábíyèsí. Ìyá tí ó bí i gan-an yóò kúnlẹ̀ fún un. Òun kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láyé, títí di ọjọ́ tí ó bá dìde lórí àga. Bí àkọ́bí kò bá sí nílé, èyí tí ó tẹ̀lé e ni. Èyí tí ó tẹ̀lé mi ni Adébísí.

Bàbá Ọ̀tún ní kí n máa bọ̀. Lọ́yà tí ó ń bá mi ṣe ìwé ìgbélùú ní bí mo bá jáde báyìí, kí n gbàgbé pé n ó padà wọlé. Mo sọ ọ́ fún wọn nílé, kò yé wọn. Ilé ha lè jẹ́ ibi tí ènìyàn kò lè lọ? Màmá mi kò tilẹ̀ dúró gbọ́ ọ.

Ó ní, "Ṣé Adébísí ni kí n wá máa kúnlẹ̀ fún? Èmi tí mo jẹ́ ìyálé, kí n kúnlẹ̀ fún ọmọ ìyàwó?"

Èmi náà kò lè gbé e mì. Ẹ má jẹ́ kí n fi bò. Mo fẹ́ àga náà. Gbogbo páálí tí mo ti gbé, gbogbo ìlédìí àgbàlagbà tí mo ti pààrọ̀, gbogbo báàgì tí Linda ti gbé sá fún mi, mo fẹ́ kí ẹnìkan kí mi ní Kábíyèsí lé e lórí. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Norcross, ọ̀rẹ́ mi kan sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kábíyèsí with night shift! Abeg, ta ló máa bá ẹ san bills?" Mo kẹ́gàn òun náà.

Màmá mi lọ bá àwọn ìjòyè, n kò mọ ohun tí ó sọ fún wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ Bàbá Ọ̀tún pè. Ó ní ayé ti di ayé WhatsApp, ṣebí orí rẹ̀ náà ni a fi ń ṣe ìpàdé ìdàgbàsókè ìlú. Ó ní wọn yóò gbé fóònù sórí àga bàbá mi, wọn yóò fi ìrọ̀rí gbè é lẹ́yìn, ojú mi yóò sì máa wò wọ́n láti ibẹ̀. Ẹni tí ó bá rẹ́rìn-ín, mo fi ọwọ́ sí i. Nígbà náà, ẹ̀rín kò pa mí. Mo lọ ra àgbádá ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin ará Ọ̀yọ́ kan ní Norcross, mo sì ra fìlà ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń tà fún ọkọ ìyàwó.

Ọ̀sán ilé ni àárọ̀ wa. Linda ti lọ síbi iṣẹ́, èmi àti Pápá nìkan ni a wà. Mo gbé fóònù sórí pẹpẹ ìwé ní yàrá rẹ̀, kí ojú mi lè wà lára rẹ̀ bí mo ti ń jọba. Mo ṣàlàyé fún un ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ó wo àgbádá, ó wo fìlà. Mo jókòó. Àwọn ìjòyè hàn, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú fóònù, wọ́n ní, "Kábíyèsí o!" Ara mi yá gágá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan létí odò, èyí tí ìdílé méjì ń jà lé lórí, mo sì ń mi orí bí bàbá mi ti máa ń mì í.

Pápá ni ó bà á jẹ́. Ó ti ń gbọ́ ohùn wọn, ó ti rí wọn tí wọ́n dọ̀bálẹ̀, òun tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ fẹ́ràn ọba tí kò rí rí. Kí n tó mọ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ ẹ̀gbẹ́ àga, ó fẹ́ dìde dúró fún mi. Ẹsẹ̀ òsì kò gbé e. Ó yọ̀ bọ́ sílẹ̀ bí àpò gààrí.

N kò ronú. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n tó rántí ẹni tí mo jẹ́. Mo gbé orí rẹ̀ sórí itan mi, mo wo ojú rẹ̀, mo yẹ ìbàdí rẹ̀ wò, kò ṣẹ́. Mo gbé e padà sórí àga pẹ̀lú ọgbọ́n tí wọ́n kọ́ wa, mo tún kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ń wọ bàtà sí i lẹ́sẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí àwọn ìjòyè. Mo gbé ojú sókè. Fóònù ń wò mí. Gbogbo ìjòyè ìlú wa ń wo Kábíyèsí wọn nínú àgbádá, lórí eékún méjèèjì, níwájú arúgbó òyìnbó.

Ẹnìkan bèèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ta ni Kábíyèsí ń kúnlẹ̀ fún?" Ẹnìkan gbé fóònù kúrò lórí àga, mo rí ibi tí àjà ààfin ti ń jò, ó sì tán síbẹ̀.

Mo bọ́ àgbádá. Pápá ní kí n má bínú. Inú ń bí mi, mo fẹ́ kẹ́gàn rẹ̀, mo wá ẹ̀gàn nínú ara mi, n kò rí i. Mo bi í pé kí ló dé tí ó dìde, ṣebí ọmọ ọba ni òun náà. Ó ní rárá o. Ó ní igi orí ògiri yẹn, nítorí pé Linda fẹ́ràn rẹ̀ ni òun ṣe dákẹ́. Ọmọ ọba náà kan kò ṣẹ́kù láyé. Àwọn tí ó bí òun, àgùntàn ni wọ́n ń dà fún olówó, títí ebi fi lé wọn wọ ọkọ̀. Mo wá bèèrè ohun tí n kò bèèrè rí, pé ọmọ Nọ́wè ńkọ́?

Ó ní wọ́n ránṣẹ́ pè é nígbà tí ó di ọmọ ọdún méje. Ọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ tí ó kún fún àkàrà òyìnbó àti àjàrà gbígbẹ kí inú ọmọ náà lè dùn lójú omi, ṣùgbọ́n ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ni ó bá lọ. Ó ṣàìsàn. Ó kú ní erékùṣù kan kí wọ́n tó dé. Wọ́n ti ń pè é ní ọba láti ọdún mélòó kan, kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà rí. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà fún bàbá rẹ̀, àwọn ìjòyè sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà. N kò pòṣé lọ́tẹ̀ yìí. Mo fún un ní oògùn rẹ̀, mo sì ronú nípa ọmọ náà nígbà tí mo ń wa mọ́tò lọ sílé.

Wọ́n fi Adébísí jókòó. Bàbá Ọ̀tún kò bá mi jà. Ó ní gbogbo ọmọ Kábíyèsí ni ó gbọ́dọ̀ wá kí adelé tuntun, àwọn tí kò sí nílé yóò kí i lórí fóònù, bẹ̀rẹ̀ láti orí àgbà. Èmi ni àgbà.

Mo wọ ìró àti bùbá ní yàrá mi ní Norcross. Nígbà tí fóònù là, Adébísí ni mo rí lórí àga bàbá mi, nínú àgbádá funfun, ìlẹ̀kẹ̀ ṣíji bo iwájú orí rẹ̀. Ó ti rù. Àwọn olorì wà lórí ìkúnlẹ̀ lọ́wọ́ òsì rẹ̀, màmá mi ni ó wà níwájú wọn, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Kábíyèsí o."

Bàbá Ọ̀tún ní, "A ò rí ẹ o. Ògiri nìkan la ń rí. Ṣé o ti kúnlẹ̀?"

Mo ní mo ti kúnlẹ̀. Ó ní kí ìlú rí i. Mo gbé fóònù sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fi bàtà iṣẹ́ mi gbè é lẹ́yìn, mo sún sẹ́yìn títí eékún mi fi hàn. Mo tún kí i. Ojú tì mí, mo rò pé yóò fi mí ṣẹ̀sín, nítorí pé ohun tí èmi ìbá ṣe nìyẹn.

Adébísí na ọwọ́, ó ní kí wọ́n gbé fóònù fún òun. Ó gbé e sún mọ́ ẹnu, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohùn ọba ni ó fi sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá ò dá mi mọ̀ mọ́ nígbẹ̀yìn. Orúkọ yín ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá ti gbé oúnjẹ wọlé, wọ́n á ní, 'Ṣé o ti dé láti Amẹ́ríkà?' Èmi náà á ní bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí, mo ti dé."